Bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá yí orúkọ padà, bí ó bá dà pọ̀ mọ́ òmíràn tàbí bí ó bá kógbá sílé: Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa tí a kàwé ní Òkè Ọya

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé Àbújá àti agbègbè rẹ̀ lónìí ni wọ́n kàwé ní Òkè Ọya. Bàbá àwọn kan ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Kàdúná, ìyá àwọn kan ṣòwò ní Sábó Kánò, iṣẹ́ ìjọba ló sì gbé àwọn mìíràn dé Jos, Mínà tàbí Sókótó. Ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n gbà nígbà náà a máa wà nínú fáìlì títí di ọjọ́ tí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, ìfẹ̀yìntì tàbí ìrìnàjò sí òkè òkun bá mú un jáde, ìgbà náà ni wọ́n á tó rí i pé orúkọ tó wà lórí rẹ̀ kò sí lára pátákó ilé-ẹ̀kọ́ kankan mọ́. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni a sábà máa ń gbọ́ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú àti nínú ọgbà Sẹkitéríàtì.

Ilé-ẹ̀kọ́ mi kò jẹ́ orúkọ tó wà lórí ìwé-ẹ̀rí mi mọ́. Ṣé ìwé-ẹ̀rí náà ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Orúkọ tí ilé-ẹ̀kọ́ ń jẹ́ lásìkò tí ẹ gboyè ni ó yẹ kí ó wà lórí ìwé-ẹ̀rí yín, ìyípadà tó bá dé lẹ́yìn náà kò sì lè sọ ọ́ di ayédèrú. Ẹni tó gboyè ní Yunifásítì Sókótó ní ọdún 1985 kò ní ohun tó ń bà á lẹ́rù nítorí pé yunifásítì náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, di Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní 1988. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ń jẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987. Kò séwu lóko, àfi gìrìgìrì àparò.

Ẹ má ṣe lọ máa bẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà pé kí wọ́n bá yín tún un tẹ̀ ní orúkọ tuntun. Ìwé-ẹ̀rí tí déètì rẹ̀ jẹ́ 1985, tí orúkọ orí rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1988, ni yóò kó yín sí yọ́ọ́yọ́ọ́ gan-an. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ìtàn ẹ̀kọ́ yín fún agbanisíṣẹ́, ẹ kọ orúkọ àtijọ́ bí ó ṣe wà lórí ìwé-ẹ̀rí, kí ẹ sì fi orúkọ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń jẹ́ báyìí tẹ̀lé e nínú ìlà kan náà.

Kí ló dé tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Òkè Ọya fi yí orúkọ padà tó báyìí?

Ìdí rẹ̀ kò jẹ́ ẹyọ kan. Àwọn kan yí orúkọ padà nítorí pé wọ́n kó kúrò níbi tí wọ́n wà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ sí Barewa College ní Zaria lónìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1921 ní ìlú Katsina gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Níbẹ̀ ni Ahmadu Bello àti Abubakar Tafawa Balewa ti kàwé. Nígbà tó di 1938, wọ́n gbé e lọ sí Kàdúná, orúkọ rẹ̀ sì di Kaduna College. Ní 1949 wọ́n tún gbé e lọ sí Zaria, ó di Government College, lẹ́yìn náà ni ó tó di Barewa. Ìlú mẹ́ta, orúkọ bíi mẹ́rin, síbẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni, àwọn tó jáde níbẹ̀ sì ń ka ara wọn sí ọmọ ilé kan náà láti 1921 títí di òní.

Àwọn mìíràn yí orúkọ padà nítorí pé ipò wọn ga sí i. Kaduna Polytechnic jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, ó sì di ilé-ẹ̀kọ́ gbogbonìṣe ní 1968. Ti Kánò ló dùn ún sọ jù. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ahmadu Bello College. Nígbà tí wọ́n dá yunifásítì sílẹ̀ ní Zaria ní 1962, tí yunifásítì náà sì gba orúkọ Sardauna, ìyẹn Ahmadu Bello, orúkọ kan kò lè wà ní ọ̀nà méjì, ni ti Kánò bá di Abdullahi Bayero College, ní ìrántí Ẹ́míà Kánò tó wàjà ní 1953, ó sì wà lábẹ́ yunifásítì ti Zaria. Ní 1975 ó di Bayero University College, ní 1977 ó sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí Yunifásítì Bayero. Nítorí náà, bí bàbá yín bá ní ìwé-ẹ̀rí láti ọwọ́ Yunifásítì Ahmadu Bello, tí ó sì ń sọ fún yín pé Kánò lòun ti kàwé, kò parọ́.

Ìdí kẹta ni pé ìjọba gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ ní àwọn ọdún 1970. St. John's College ti àwọn Kátólíìkì ní Kàdúná di Rimi College, St. Paul's College ní Wusasa sì di Kufena College. Àwọn tó kàwé níbẹ̀ kò dẹ́kun pípe orúkọ ẹni mímọ́, àwọn ọmọ tó ń lọ síbẹ̀ lónìí kò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àyípadà iṣẹ́ tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún: yunifásítì Makurdi ti jẹ́ ti ìmọ̀ ẹ̀rọ rí, ó ti jẹ́ ti iṣẹ́ àgbẹ̀, ó sì ń jẹ́ Joseph Sarwuan Tarka nísinsìnyí.

Ìdí tó kù ni ti òṣèlú, ìyẹn fífi orúkọ ẹni ńlá sọ ilé-ẹ̀kọ́. Èyí ni ó máa ń mú ariwo wá jù, tí kì í sì í yí ohunkóhun padà nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́.

Ta ló láṣẹ láti yí orúkọ yunifásítì padà? Ṣé kí ààrẹ ṣáà ti kéde rẹ̀ ni?

Òfin ni ó dá yunifásítì ìjọba sílẹ̀, inú òfin náà sì ni orúkọ rẹ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ni ó lè tún òfin náà ṣe kí ààrẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ àti gómìnà ni. Ìkéde lè ṣáájú òfin, ìgbà mìíràn sì wà tí ìkéde á dé tí òfin kò ní tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2012, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde pé Yunifásítì Èkó yóò máa jẹ́ Yunifásítì Moshood Abíọ́lá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta, ẹnu kò kò, orúkọ náà kò sì múlẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn kórìíra Abíọ́lá. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ìwé-ẹ̀rí wọn, ìjọba kò sì bi wọ́n léèrè tẹ́lẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó já lu afẹ́fẹ́.

Nítòsí wa níbí, ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Yunifásítì Àbújá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, yóò máa jẹ́ Yunifásítì Yakubu Gowon. Ní oṣù Keje ọdún 2025, lẹ́yìn ikú Muhammadu Buhari, wọ́n kéde orúkọ rẹ̀ fún Yunifásítì Maiduguri. Lójú pópó Gwagwalada, àwọn awakọ̀ ṣì ń pe “Uniabuja”, wọn yóò sì máa pè é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ti ìpínlẹ̀ lè yí bìrí ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ. Yunifásítì tó wà ní Anyigba bẹ̀rẹ̀ ní 1999 gẹ́gẹ́ bí Kogi State University, nígbà ìjọba Abubakar Audu. Kí gómìnà náà tó lọ, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Nígbà tí gómìnà mìíràn dé ní 2003, ó padà sí Kogi State University. Audu kú ní 2015, ìjọba tó wà níbẹ̀ lẹ́yìn náà sì tún dá orúkọ rẹ̀ padà sórí yunifásítì náà. Ẹ wá fojú inú wo ọmọ ilé kan náà mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tí wọ́n gboyè ní Anyigba ní 2002, 2010 àti 2023.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ilé-ẹ̀kọ́ tó dà pọ̀ mọ́ òmíràn àti èyí tó wà lábẹ́ òmíràn?

Èyí tó wà lábẹ́ òmíràn ṣì ní orúkọ àti ọ̀gá tirẹ̀, ṣùgbọ́n yunifásítì tó gbà á sábẹ́ ni ó ń fúnni ní dígírì. University College tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948 ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní dígírì Yunifásítì Lọ́ńdọ́ọ̀nù kí ó tó dá dúró ní 1962. Ìbàdàn náà wá di òbí fún ẹlòmíràn: ó ní ẹ̀ka kan ní Jos láti 1971, èyí tó di Yunifásítì Jos ní 1975, ti Ìlọrin sì wà lábẹ́ rẹ̀ láti 1975 títí di 1977. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ní Òkè Ọya náà ti pẹ́ lábẹ́ Zaria lọ́nà yìí. Bí ẹ bá gba irú dígírì bẹ́ẹ̀, yunifásítì tí orúkọ rẹ̀ wà lókè ìwé-ẹ̀rí ni ẹ ó lọ bá fún transcript (ìwé tó ní máàkì yín), kì í ṣe ọgbà tí ẹ ti jókòó kẹ́kọ̀ọ́.

Nínú ìdàpọ̀ tòótọ́, ilé-ẹ̀kọ́ kan kì í sí mọ́ lójú òfin. Ilẹ̀ rẹ̀, ilé rẹ̀, gbèsè rẹ̀, òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yóò bọ́ sọ́wọ́ èyí tó gbé e mì. Àpẹẹrẹ tó tóbi jù ní Òkè Ọya ni ìbẹ̀rẹ̀ Yunifásítì Ahmadu Bello fúnra rẹ̀. Ẹ̀ka Zaria ti Nigerian College of Arts, Science and Technology, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Samaru, Institute of Administration àti kọ́lẹ́ẹ̀jì Kánò ni wọ́n kó jọ sábẹ́ orúkọ kan ní 1962. Nigerian College yẹn ní ẹ̀ka mẹ́ta, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ: ti Zaria lọ sọ́dọ̀ Ahmadu Bello, ti Ìbàdàn lọ sọ́dọ̀ Yunifásítì Ifẹ̀, ti Enugu lọ sọ́dọ̀ Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka. Bí ẹ bá ń wá àkọsílẹ̀ bàbá tó kàwé ní Nigerian College, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹ̀ka tó wà.

Mo gbọ́ pé ìjọba ti da yunifásítì pọ̀ rí, tí wọ́n sì tún yà wọ́n. Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?

Ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1984, nígbà ìjọba ológun Muhammadu Buhari. Ìjọba Ṣàgàrí ti dá àwọn yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, owó epo sì ti já wálẹ̀. Ìjọba tuntun náà sọ pé owó tí òun ń ná lé wọn lórí ti pọ̀ jù, ó sì so mẹ́rin nínú wọn mọ́ àwọn yunifásítì àgbà. Bauchi lọ sábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello ní orúkọ Abubakar Tafawa Balewa College. Yola lọ sábẹ́ Maiduguri ní orúkọ Modibbo Adama College. Makurdi lọ sábẹ́ Jos. Ti Abẹ́òkúta ni wọ́n fi sábẹ́ Yunifásítì Èkó. Mínà, Àkúrẹ́ àti Owerri bọ́ nínú rẹ̀.

Bí ó ti rí lójú àwọn tó wà níbẹ̀ ni pé ọgbà kò kúrò níbi tó wà, olùkọ́ kò kúrò, ṣùgbọ́n àṣẹ lórí owó, lórí gbígba òṣìṣẹ́ àti lórí ìdánwò di ohun tí a ń lọ gbà ní ìlú mìíràn. Láti Yola dé Maiduguri kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn ń fi fáìlì rìn láàárọ̀ kí ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó di 1988, ìjọba tú ìdàpọ̀ náà ká. Bí ìyàwó tó kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ṣe padà, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n gbé lọ kọ́ ni wọ́n gbé bọ̀: Bauchi kò di yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ lórúkọ mọ́, ó di Yunifásítì Abubakar Tafawa Balewa; Makurdi àti Abẹ́òkúta di ti iṣẹ́ àgbẹ̀. Yola padà sí orúkọ ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀, ó di Modibbo Adama University of Technology ní 2011, wọ́n sì yọ “of Technology” kúrò lẹ́yìn náà.

Ẹni tó wọlé ní 1983 tó sì jáde ní 1987 ní ọ̀kan nínú àwọn ọgbà wọ̀nyí wọlé sí yunifásítì kan, ó sì jáde lábẹ́ òmíràn láì kó kúrò ní yàrá rẹ̀. Irú wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjẹ́rìísí máa ń fura sí jù, nítorí pé lẹ́tà ìgbaniwọlé wọn kò bá ìwé-ẹ̀rí mu. Lẹ́tà láti ọ́fíìsì Rẹ́jísírà ni ó máa ń parí rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọgbà tí ẹ ti kàwé. Bí wọn kò bá rí àkọsílẹ̀ yín níbẹ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ yunifásítì tó jẹ́ òbí láàárín 1984 sí 1988.

Ilé-ẹ̀kọ́ mi kò sí mọ́ rárá. Níbo ni mo ti lè rí àkọsílẹ̀ mi?

Lójú tiwa, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ilé-ẹ̀kọ́ lè kú, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kì í bá a kú. Ẹnìkan ni a fi í tì lọ́dọ̀. Ẹ má ṣe béèrè pé kí ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ń jẹ́ nísinsìnyí, ẹ béèrè pé ọwọ́ ta ni rẹ́jísítà rẹ̀, ìyẹn ìwé orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, wà.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni àwọn tó gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ Grade II. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ UPE bẹ̀rẹ̀ ní 1976, olùkọ́ kò tó, ìjọba sì dá àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ sílẹ̀ káàkiri Òkè Ọya. Nígbà tí NCE wá di ìwé-ẹ̀rí tó kéré jù tí a lè fi kọ́ni, wọ́n pa wọ́n dé tàbí kí wọ́n sọ wọ́n di ilé-ẹ̀kọ́ gírámà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní arọ́pò tó jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ní tiwọn, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti ìpínlẹ̀ ni ó ni àkọsílẹ̀. Ní ti ìdánwò fúnra rẹ̀, Institute of Education ti Yunifásítì Ahmadu Bello ni ó ń bójú tó o ní Òkè Ọya nígbà kan, kí iṣẹ́ náà tó bọ́ sọ́wọ́ NTI, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún àwọn olùkọ́, ní Kàdúná. Ibi méjèèjì ni ó yẹ kí ẹ kàn sí.

Ìṣòro tí ọ̀pọ̀ kì í rò tẹ́lẹ̀ ni pé ìpínlẹ̀ gan-an yí orúkọ padà ju ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Ní 1967 Òkè Ọya di ìpínlẹ̀ mẹ́fà. Ní 1976, 1987, 1991 àti 1996 wọ́n tún gé wọn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Keffi ti wà lábẹ́ Benue-Plateau, ó ti wà lábẹ́ Plateau, ó sì wà lábẹ́ Nasarawa láti 1996. Ẹ̀yin ará Òkun tí ẹ kàwé ní Kàbà kí ó tó di 1991, Ìlọrin ni wọ́n ti ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ yín nígbà náà, kì í ṣe Lọ́kọ́ja. Dutse wà lábẹ́ Kánò títí di 1991, Gusau wà lábẹ́ Sókótó títí di 1996, Katsina sì wà lábẹ́ Kàdúná títí di 1987. Nígbà tí wọ́n ń pín ìpínlẹ̀, wọ́n pín mọ́tò, wọ́n pín àga, ṣùgbọ́n fáìlì àtijọ́ máa ń wà níbi tó wà.

Màmá kan tó kọ́ni títí ó fi fẹ̀yìn tì ní Kubwa rí èyí lójú ara rẹ̀. Wọ́n ní kí ó mú ẹ̀rí wá pé kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tó lọ wà láyé rí. Ó lọ sí Lafia, wọ́n ní àwọn kò ní ìwé tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó kọjá sí Jos. Nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣí tán, akọ̀wé àgbàlagbà kan gbé rẹ́jísítà gígùn kan kalẹ̀ fún un, èyí tí ikán ti jẹ igun ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi íńkì pupa kọ orúkọ àwọn tó fìdí rẹmi, tí wọ́n sì fi dúdú kọ ti àwọn tó yege. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú dúdú, orúkọ ilé bàbá rẹ̀, kì í ṣe ti ọkọ. Wọ́n kọ lẹ́tà fún un lọ́jọ́ kejì. Bí kò bá lọ fúnra rẹ̀ ni, èrò wa ni pé fáìlì rẹ̀ ì bá ṣì wà lórí tábìlì ẹnìkan lónìí.

Ìwé-ẹ̀rí mi sọ pé Àbújá ni ilé-ẹ̀kọ́ mi wà, ọdún tó wà lórí rẹ̀ sì jẹ́ 1965. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní irọ́ ni.

Kì í ṣe irọ́. Suleja ni ó ń jẹ́ Àbújá nígbà náà. Nígbà tí ìjọba Murtala Muhammed pinnu ní 1976 láti kọ́ olú-ìlú tuntun, wọ́n gba orúkọ náà fún un, ìlú àtijọ́ sì di Suleja. Ìpínlẹ̀ Niger ni ó wà, nítorí náà Mínà ni kí ẹ ti wá àkọsílẹ̀ yín.

Ṣé kí n lọ búra ní kóòtù pé ilé-ẹ̀kọ́ mi ti yí orúkọ padà?

Rárá. Ìwé ìbúra àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn wà fún ẹni tó yí orúkọ ara rẹ̀ padà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ yí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ padà, ẹ kò sì lè búra fún òfin tí ẹlòmíràn ṣe. Àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kóòtù yóò sọ fún yín pé ó pọn dandan, nítorí pé owó ni wọ́n fi ń jẹun.

Ilé-iṣẹ́ kan ní òkè òkun sọ pé òun kò rí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ̀wé sí Rẹ́jísírà ilé-ẹ̀kọ́ tó jogún tiyín, kí ẹ sì béèrè fún lẹ́tà tó sọ ohun mẹ́ta: orúkọ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń jẹ́ nígbà tí ẹ wà níbẹ̀, òfin tàbí àṣẹ tó yí i padà pẹ̀lú ọdún rẹ̀, àti pé ẹ kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbẹ̀ ní tòótọ́. Lẹ́tà tó bá sọ pé “a mọ ẹni yìí” nìkan kò tó. Bí ẹ bá lè rí ẹ̀dà ìwé òfin náà nínú gásẹ́ẹ̀tì ìjọba, ẹ so ó mọ́ ọn.

Lẹ́yìn èyí, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Sẹkitéríàtì ni ó ń jẹ́rìí sí ìwé-ẹ̀rí fún ìlò òkè òkun, ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Tafawa Balewa House á sì fi òǹtẹ̀ tirẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe gbé ọ̀rọ̀ transcript lọ sí NUC tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ní Maitama, NBTE tó ń bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gbogbonìṣe, ní Kàdúná, tàbí NCCE tó ń bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Àwọn àjọ wọ̀nyí lè sọ bóyá ilé-ẹ̀kọ́ kan gba àṣẹ, ṣùgbọ́n máàkì yín kò sí lọ́wọ́ wọn. Transcript fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tó béèrè fún un; èyí tí ẹ bá gbé lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbà á.

Ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tí mo lọ ti di yunifásítì. Ṣé NCE mi ti di dígírì?

Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ ní Zaria àti ní Kánò wà lára àwọn tí ìjọba gbé ga di yunifásítì ẹ̀kọ́ ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ti Adéyẹmí ní Oǹdó sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n gbé ga. NCE tí ẹ gbà ní 1994 ṣì jẹ́ NCE.

Ti àwọn yunifásítì aládàáni ńkọ́?

Tiwọn yá ju ti ìjọba lọ, nítorí pé ẹni tó ni wọ́n ló ń pinnu, kí ó tó lọ bá NUC. Ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní Àbújá níbí tí ẹ mọ̀ sí Nile University bẹ̀rẹ̀ ní 2009 gẹ́gẹ́ bí Nigerian Turkish Nile University. Ilé-iṣẹ́ Honoris United Universities ni ó wá ra á ní 2020. Èyí tí Atiku Abubakar dá sílẹ̀ ní Yola ń jẹ́ ABTI-American University kí ó tó di American University of Nigeria. Katsina University di Al-Qalam. Veritas ti àwọn Kátólíìkì kò yí orúkọ padà, ṣùgbọ́n ó kó láti Obehie ní ìpínlẹ̀ Abia wá sí Bwari ní 2014, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí ẹnìkan bá sọ pé ìlú mìíràn lòun ti wọ Veritas.

Ewu tó wà níbí ni ti ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní ìwé-àṣẹ rárá, tó ń lo yàrá mẹ́ta lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní Nyanya tàbí Mararaba, tó sì ń sọ pé òun wà lábẹ́ yunifásítì kan ní ilẹ̀ mìíràn. Ìjọba àpapọ̀ dá ìjẹ́rìísí dígírì láti orílẹ̀-èdè Benin àti Togo dúró ní oṣù Kìíní ọdún 2024 nítorí irú òwò yìí. Bí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bá ti ilẹ̀kùn, kò sí arọ́pò, kò sí rẹ́jísítà, kò sì sí ẹni tí ẹ ó lọ bá. NUC máa ń gbé orúkọ àwọn tó gba àṣẹ àti àwọn tí kò gbà á jáde. Ẹ wò ó kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ṣé Òkè Ọya nìkan ni wọ́n ti ń da ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀?

Rárá o. Ní 2011, ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí da yunifásítì ìpínlẹ̀ mẹ́ta pọ̀ di Ekiti State University: ti Adó, ti Ìkẹ́rẹ́ àti ti Ìfàkì. Ní 2012, ìjọba Ògùn kéde pé òun yóò da Tai Ṣólàrín pọ̀ mọ́ Ọlábísí Ọnàbánjọ, ariwo sọ, wọ́n sì yí ìpinnu náà padà. Ní Èkó, kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéníran Ògúnsànyà àti Michael Otedola ni wọ́n dà pọ̀ di yunifásítì ẹ̀kọ́ ní 2022.

Ǹjẹ́ ìdàpọ̀ mìíràn lè tún wáyé láìpẹ́?

Ó ṣeé ṣe. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fi òfin de dídá ilé-ẹ̀kọ́ gíga tuntun ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ fún ọdún 7. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ṣàlàyé pé yunifásítì 199 ni àwọn tó yàn wọ́n nínú fọ́ọ̀mù JAMB kò tó ọgọ́rùn-ún, ti 34 nínú wọn sì jẹ́ pé kò sí ẹyọ ẹnìkan. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní akẹ́kọ̀ọ́ kò lè pẹ́ lórí ìdúró, bóyá ti ìjọba ni tàbí ti aládàáni. Bí ọmọ yín bá fẹ́ wọ ọ̀kan nínú àwọn tuntun, ẹ béèrè iye àwọn tó ti gboyè níbẹ̀ títí di òní, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gba transcript rẹ̀ lọ́dún tó bá jáde gan-an, ẹ̀dà kan fún un, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ yín.